Bí ẹ ṣe lè fi gílóòbù LED tó ń gbọ́ ti fóònù sílé yín ní Ilé-Ifẹ̀

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í bi mí léèrè ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere: "Bọ̀ọ̀dá oníná, gílóòbù tí wọ́n ń fi fóònù tàn yẹn, ṣé ó lè bá iná tiwa yìí lọ?" Ó lè bá a lọ. Àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí kọ́ lẹ ó ṣe tò ó, nítorí ẹni tó kọ páálí yẹn ò mọ̀ pé iná lè lọ kó sì dé lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí èmi ṣe ń ṣe é nílé àwọn ènìyàn nílùú yìí ni mo tò sísàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú, bí fóònù bá sọnù, ìyá àgbà tó wá kí yín gbọ́dọ̀ lè na ọwọ́ sára ògiri kí iná sì tàn. Ètò yòówù tí kò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ má gbé e wọlé.

Kí ẹ tó náwó

Ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ rìn yíká ilé. Ẹ kọ èsì wọ̀nyí sílẹ̀:

- Ẹnu gílóòbù: ṣé onípín ni, ìyẹn B22, àbí onísukúrúù, ìyẹn E27? Ẹ lè bá méjèèjì nínú ilé kan náà.
- Iná tó ń tàn án: Nẹ́pà nìkan, ínfátà, àbí jẹnẹrétọ̀? Bí ínfátà bá wà, àwọn iná wo ló wà lórí rẹ̀?
- Router tàbí MiFi: bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, ṣé òun náà ń kú?
- Ibùgbé gílóòbù: gbangba ni, àbí inú dígí tó dé pa?
- Wáyà ilé: bí ó bá ti pẹ́ débi pé awọ rẹ̀ ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, ẹ dá owó gílóòbù dúró, kí ẹ fi tún wáyà ṣe.

1. Lumen ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe wáàtì

Wáàtì ń sọ iye iná tí gílóòbù ń jẹ. Lumen ló ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń tú jáde. Gílóòbù àtijọ́ 60W, èyí tó máa ń jó èèyàn lọ́wọ́, ń mú nǹkan bí 800 lumen wá. LED tó dára á mú 800 lumen yẹn wá pẹ̀lú 8W sí 10W. Ti 100W àtijọ́ tó nǹkan bí 1,600 lumen. Ẹ ṣírò ilé tó ní gílóòbù mẹ́wàá tó ń tàn fún wákàtí márùn-ún lóòjọ́: ti àtijọ́ 60W á jẹ yúnítì 3, LED 9W kò ní jẹ tó ìdajì yúnítì kan.

LED ọjà wa máa ń mú 80 sí 100 lumen wá lórí wáàtì kan. Àwọn kan tó jáde láìpẹ́ ti kọjá 200. Bí páálí bá kọ "30W" gàdàgbà tí kò sì sí lumen níbì kankan lára rẹ̀, ẹ dá a padà sórí tábìlì ẹni tó ń tà á.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló kàn, K ni wọ́n fi ń kọ ọ́. 2700K sí 3000K pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí fìtílà, òun ló bá yàrá àti pálọ̀ mu. 4000K dára fún ilé ìdáná àti tábìlì ìkàwé. 6500K, funfun tó ń ta sí búlúù, ló kún ọjà, nítorí àwa oníbàárà rò pé bó ṣe funfun tó ló ṣe mọ́lẹ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀: lumen ni ẹ ó wò. Mi ò kì í fi 6500K sí yàrá ẹnikẹ́ni, torí ìmọ́lẹ̀ tí búlúù pọ̀ nínú rẹ̀ ń lé oorun lálẹ́.

CRI ń sọ bí àwọ̀ nǹkan ṣe ń hàn dáadáa sí lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn. 80 tó fún ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán aṣọ tàbí tí ẹ ń ta á, ẹ wá 90 sókè. Aránṣọ kan pè mí lọ́jọ́ kan pé ojú òun ti ń fọ́, pé òun ti fi òwú pupa rán aṣọ tó ní àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ dúdú, bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni òun rí àṣìṣe náà. Ojú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Gílóòbù tó wà lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí pupa méjèèjì yàtọ̀ síra.

Ẹ tún wo fóltì. Èyí tí wọ́n kọ "AC 85–265V" sí lára á ṣì máa tàn nígbà tí iná bá rọ̀ bí ẹni tí ebi ń pa. "220–240V" lè máa ṣẹ́jú tàbí kó kú pátápátá ní irú àkókò yẹn.

Kí ẹ tó sanwó: ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, kí ẹ sì fi kámẹ́rà fóònù wò ó. Bí ìlà dúdú bá ń gba ojú fóònù kọjá, gílóòbù ọ̀hún ń ṣẹ́jú lọ́nà tí ojú lásán ò lè rí, orí sì lè máa fọ́ ẹni tó bá ń kàwé lábẹ́ rẹ̀.

*Bí ẹ ṣe lè mú páálí onírọ́.* Ẹ wo mítà yín. Iná pupa kékeré kan máa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, wọ́n sì kọ iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú fún yúnítì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi "1000 imp/kWh". Ẹ pa gbogbo nǹkan ilé, fíríìjì àti ínfátà náà, kí ẹ tan gílóòbù nìkan, ká ní mẹ́wàá. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín ìgbà tí iná pupa yẹn bá ṣẹ́jú àti ìgbà tó bá tún ṣẹ́jú. Lórí mítà 1000, ẹ fi iye yẹn pín 3,600, wáàtì tí ilé ń jẹ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ 40, 90W ni: gílóòbù mẹ́wàá tó jẹ́ 9W lóòótọ́. Bí wọ́n bá tà á fún yín bíi 30W, 12 ló yẹ kí ẹ kà.

2. Gílóòbù tó gbọ́n, àbí súìṣì tó gbọ́n?

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

*Gílóòbù Wi-Fi.* Ó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀: ẹ fi gílóòbù sẹ́nu rẹ̀, ẹ so ó mọ́ router, ó parí. Àléébù rẹ̀ ni pé gílóòbù kọ̀ọ̀kan ń gba àyè kan lórí router, àwọn MiFi kan kì í sì í gbà ju ohun èlò mẹ́wàá lọ. Ẹ ka fóònù àwọn ọmọ mọ́ ọn kí ẹ tó ra gílóòbù mẹ́jọ.

*Gílóòbù Zigbee tàbí Thread.* Wọn kì í bá router sọ̀rọ̀ tààrà. Wọ́n ń gba inú ara wọn ránṣẹ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ hub, àpótí kékeré kan tó ń kó gbogbo wọn jọ. Èyí wúlò nílé ńlá tí ògiri rẹ̀ nípọn, ilé alámọ̀ àtijọ́ pàápàá, torí Wi-Fi kì í la irú ògiri bẹ́ẹ̀ kọjá dáadáa. Bí hub bá sì wà lórí ínfátà, ọ̀pọ̀ nínú wọn á máa ṣiṣẹ́ lọ bí íntánẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ kú. Ohun kan ló ń bà á jẹ́: bí ẹnì kan bá pa gílóòbù àárín láti ara ògiri, àwọn tó ń gba inú rẹ̀ ránṣẹ́ lè sọnù.

*Súìṣì tó gbọ́n, pẹ̀lú LED lásán lókè.* Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Súìṣì kan lè darí gílóòbù mẹ́rin, gílóòbù tó bá kú ẹ ó fi olówó pọ́ọ́kú rọ́pò rẹ̀, ìyá àgbà á sì máa tẹ ara ògiri bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò kàn lè yí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ padà ni.

Èyí tó wù kí ẹ rà, bí ẹ bá rí orúkọ Matter lára páálí, ó dára. Ìlànà kan ni tó jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2022, tó ń jẹ́ kí ohun èlò ilé iṣẹ́ kan gbọ́ ti áàpù ilé iṣẹ́ mìíràn, yálà Google, Apple tàbí Amazon. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe gílóòbù yín bá kógbá sílé lọ́la, ẹ ò ní sọ gílóòbù náà nù.

3. Ẹ ṣí súìṣì wò

Bí gílóòbù tó gbọ́n lẹ fẹ́, ẹ fo ibí yìí. Bí súìṣì ni, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, bí ọkàn yín ò bá sì balẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ iná.

1. Ẹ fi tẹ́sítà kan ibi tí ẹ mọ̀ dájú pé iná wà, kó tàn. Tẹ́sítà tó kú ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́ṣẹ́.
2. Ẹ pa bréékà ńlá. Ẹ pa ínfátà fúnra rẹ̀. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ sínú àpò yín. Yíyí chénjóbà nìkan kò tó: mo ti wà lórí àkàbà rí tí ọmọ kékeré kan yí i padà nítorí bọ́ọ̀lù tó fẹ́ wò.
3. Ẹ tú súìṣì, kí ẹ tún fi tẹ́sítà kan wáyà kọ̀ọ̀kan.
4. Ẹ ka wáyà. Bí méjì péré bá wà níbẹ̀, nútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) ò sí: ọ̀kan ń gbé láìfù (iná tó ń bọ̀) wá, èkejì ń gbé e lọ sọ́dọ̀ gílóòbù. Bí ọ̀pọ̀ ilé wa ṣe rí nìyẹn, òkè síílìn ni nútírà ń gbà lọ tààrà. Ẹ má fi àwọ̀ wáyà ṣèdájọ́. Ẹni tó wáyà ilé lè ti lo èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.
5. Ẹ wọn bí kòtò súìṣì ṣe jìn tó. Súìṣì tó gbọ́n sanra. Bí kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Wáyà tó tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á gbóná.

Ìkìlọ̀: nútírà ò sí, ẹnì kan á ní kí ẹ lo wáyà ilẹ̀ dípò rẹ̀. Iná á tàn, òótọ́ ni. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wáyà ilẹ̀ yẹn bá já, iná lè wà lára gbogbo irin tó so mọ́ ọn nínú ilé yín, títí kan ara fíríìjì. Ẹ má ṣe é.

Bí nútírà ò bá sí, ẹ lè:

- fa nútírà wálẹ̀ láti òkè síílìn, bí páìpù inú ògiri bá ṣì láàyè;
- ra irú súìṣì tí kò nílò nútírà. Ó máa ń ní kápásítọ̀ kékeré kan (ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú) nínú páálí, ẹ̀gbẹ́ gílóòbù ni kí wọ́n so ó mọ́. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ó ṣèèṣì wà níbẹ̀, wọ́n á jù ú nù, gílóòbù á wá máa ṣẹ́jú;
- fi ẹ̀rọ náà sókè síílìn nítòsí gílóòbù, níbi tí nútírà wà.

4. Ẹ so ó mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì

1. Ẹ ṣe é nígbà tí ínfátà wà, kí iná má baà lọ láàárín.
2. Ẹ fi fóònù sórí Wi-Fi 2.4GHz. Ọ̀pọ̀ gílóòbù ò mọ 5GHz rárá, ìdí nìyẹn tí áàpù fi ń wá a títí tí kò rí i.
3. Ẹ tan gílóòbù, kí ẹ pa á, lẹ́ẹ̀mẹta sí márùn-ún bí ìwé inú páálí bá ṣe wí, títí yóò fi máa ṣẹ́jú fúnra rẹ̀.
4. Ẹ so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ ibi tó wà: "Pálọ̀ ẹnu ọ̀nà", "Ìta ẹ̀yìn". Ẹ má fi "Light 1" sílẹ̀. Lóṣù méjì sí i, ẹ ò ní mọ èwo ni èwo.
5. Bí áàpù bá ní kí ẹ jẹ́ kí gílóòbù gba àtúnṣe tuntun, ẹ dúró dìgbà tí iná bá dá yín lójú. Bí iná bá lọ láàárín, gílóòbù lè má jí mọ́.
6. Ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù router tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Fóònù ẹni méjì ni kí ó lè darí iná, kì í ṣe ti bàbá nìkan.

5. Ètò tí gbogbo ènìyàn ń fò

Nílé èmi fúnra mi ni mo ti kọ́ èyí. Gílóòbù Wi-Fi méje, mo tò wọ́n, inú mi dùn, mo fi fóònù pa gbogbo wọn, mo sùn. Nẹ́pà mú iná lọ láago mọ́kànlá. Láago méjì òru ni wọ́n mú un dé, gílóòbù méjèèje sì tàn lẹ́ẹ̀kan náà, yàrá ọmọ pẹ̀lú. Ọmọ ọdún mẹ́ta jókòó lórí ibùsùn, ó pariwo "Ọ́pù Nẹ́pà!", kò sì sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyàwó mi kọ́kọ́ wo gílóòbù, ó wá wo èmi.

Nínú áàpù, ẹ wá ibi tó ti ń béèrè ohun tí gílóòbù yóò ṣe bí iná bá dé. Ìdáhùn mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀: kó tàn, kó wà ní pípa, tàbí kó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń ta á jáde sábà máa ń jẹ́ "kó tàn".

Ẹni tó bá yára á mú "kó wà ní pípa". Ẹ dúró ná. Gílóòbù ò mọ ìyàtọ̀ láàárín Nẹ́pà àti ọwọ́ yín. Lójú tirẹ̀, iná tó dé ni iná tó dé. Bí ẹ bá ní kó wà ní pípa, ìyá àgbà á tẹ súìṣì títí, kò ní tàn. Báyìí ni mo ṣe ń pín in:

- yàrá ìsùn: kó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀;
- ìta àti ẹnu ọ̀nà: kó tàn, kó lè jẹ́ pé bí iná bá dé lóru, ìmọ́lẹ̀ á wà;
- pálọ̀ àti ibi tí àlejò ń dé: ẹ má fi gílóòbù tó gbọ́n síbẹ̀ rárá, súìṣì tó gbọ́n ni kí ẹ fi sí i. Súìṣì mọ ìgbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì mọ ìgbà tí Nẹ́pà dé.

Wàhálà kejì tún tinú ibẹ̀ jáde. Ẹ rántí pé títàn àti pípa lẹ́ẹ̀mẹta sí márùn-ún ló ń mú gílóòbù gbàgbé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀. Bí Nẹ́pà bá ń mú iná wá tó tún ń mú un lọ kíá kíá, bó ṣe máa ń ṣe tí òjò bá ń ṣú, gílóòbù á rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ tún un so. Àwọn ènìyàn á gbé e wá bá mi pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ fi sórí ínfátà, tàbí kí ẹ lo súìṣì, torí bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbàgbé.

Bí ẹ bá tò ó pé kí iná ìta tàn láago méje, ẹ dán an wò lẹ́yìn tí iná bá ti lọ tó sì dé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Gílóòbù olówó pọ́ọ́kú kì í ní aago tirẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ló ń bi léèrè.

6. Àṣìṣe tí mo ń bá pàdé

*Gílóòbù ń tàn bàìbàì lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á.* Màmá kan ní Mọ̀ọ̀rè ti gbàdúrà sí tirẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó pè mí. Mo gun àkàbà, mo pa súìṣì, mo yọ gílóòbù, mo fi tẹ́sítà kan ẹnu rẹ̀: ó tàn. Nútírà ni ẹni tó wáyà ilé náà gba inú súìṣì, láìfù sì wà lókè nígbà gbogbo. Gílóòbù àtijọ́ kì í fi àṣírí yìí hàn, torí iná kín-ín-kín ò lè tàn án. LED, díẹ̀ tó fún un. A pààrọ̀ wáyà méjèèjì, ó kú pátápátá. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ tètè ṣe é, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù níbẹ̀ lè gbá iná mú bó tilẹ̀ ti pa súìṣì. Súìṣì tó ní iná pupa kékeré lára náà lè fà á. Ìyẹn ò léwu.

*LED nínú dígí tó dé pa.* Ooru ló ń pa LED. Dáyódù inú rẹ̀, ìyẹn ẹyọ kékeré tó ń tú ìmọ́lẹ̀ jáde, kì í sábà kú. Àwọn kápásítọ̀ inú ìdí rẹ̀ ló ń gbẹ. Ẹ gbẹ́ ọ̀nà atẹ́gùn fún un, tàbí kí ẹ wá èyí tí wọ́n kọ sí i pé ó lè wà nínú ìdérí.

*Súìṣì àtijọ́ tó ń dín iná kù.* Gílóòbù 60W ni wọ́n ṣe é fún. LED 9W fúyẹ́ jù fún un, á máa ké tàbí kó máa ṣẹ́jú. Ẹ yọ ọ́.

*Ínfátà tí ìgbì iná rẹ̀ kò jọ̀lọ̀ (èyí tí kì í ṣe "pure sine wave").* LED máa ń kùn lórí rẹ̀, ó sì ń tètè kú.

7. Bí gbogbo èyí bá pọ̀ jù

Iná ìta: ẹ ra gílóòbù tó ń wo ojú ọjọ́, tó ń tàn nírọ̀lẹ́ tó sì ń kú láàárọ̀. Kò nílò fóònù. Ẹ má ṣe gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti lè ta padà sí i lójú, á máa tàn á máa kú.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́: gílóòbù tó ń tàn bí èèyàn bá kọjá. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ń wo ooru ara. Lọ́sàn-án oṣù kejì tí oòrùn bá mú gan-an, ó lè má rí yín, torí ara yín àti afẹ́fẹ́ ti gbóná dọ́gba. Èkejì ń lo ìgbì rédíò, ó ń rí èèyàn la síílìn kọjá, ewúrẹ́ ẹ̀yìn ilé náà kò sì lè bọ́ lójú rẹ̀.

Ilé tí kò ní ínfátà: gílóòbù tó ní bátìrì nínú. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ìta OAU, èyí ni màá rà ṣáájú ohunkóhun tó ní áàpù.

Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí tàbí hòtẹ́ẹ̀lì: ẹ má to gílóòbù Wi-Fi ọgọ́rùn-ún. Ẹ béèrè DALI, ìlànà tí wọ́n fi ń gba ojú wáyà darí iná ilé ńlá, lọ́wọ́ ẹni tó ń yàwòrán iná yín, kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Wáyà méjì ló ń gbé àṣẹ, ìlà kan ń gba tó iná 64, router ò sì ní ipa kankan nínú rẹ̀.

Ẹyọ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ fi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí Nẹ́pà fi ojú rẹ̀ rí màbo. Bí ó bá ṣì ń jẹ́ orúkọ tí ẹ sọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà lọ ra ìyókù, lọ́dọ̀ ẹni kan náà, pẹ̀lú rìsíìtì.